Àárín Ọmú àti Àwo: Bí A Ṣe Lè Gba Ọmọ Wa Lọ́wọ́ Àìjẹunrekánú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí fún géńdé tí egungun rẹ̀ ti gbó, tí ọpọlọ rẹ̀ ti pé, tí kò sì retí ohun mìíràn lọ́dọ̀ oúnjẹ ju agbára tí yóò fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fún ọmọ ọwọ́, tí ẹran ara rẹ̀, eegun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ ní láti ti inú ohun tí ó ń jẹ jáde, ebi lè kúrò nínú ìṣẹ́ kí ìṣẹ́ má tíì bùṣe rárá. Inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè kún bámúbámú, ó lè sùn fọnfọn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ láìké, kí ọkàn ìyá sì balẹ̀ pé òun ti bọ́ ọmọ òun yó, bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ náà ń joro lábẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tí ó fura, títí di ọjọ́ tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru yóò dé, tí ara tí kò ní ìpamọ́ kankan kò sì ní lè dúró dè é. Èyí ni a ń pè ní àìjẹunrekánú. Nígbà tí a bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìyàn ńlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò sí, ilẹ̀ tí ó sán nítorí ọ̀dá àti àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ìṣẹ́ ń bá fínra, ògọ̀ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ó ń jìyà rẹ̀ kò mọ ìyàn, ilé tí èéfín ń rú láti inú ààrò rẹ̀ lójoojúmọ́ ni a ti ń tọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí ni bí ọmọ ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ewu náà láàárín oúnjẹ, àti bí a ṣe lè fi ohun tí ó wà lóko, lọ́jà àti nínú ilé ìdáná wa gbà á padà.

Ìgbà kan wà nínú ayé ọmọ tí ewu yìí yàn láàyò. Ọmọ tí ó bá wúwo tó kílò 3 ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyá rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá le, yóò ti tó nǹkan bí kílò 6 nígbà tí ó bá fi pé oṣù 5, yóò sì súnmọ́ kílò 9 nígbà tí ó bá pé ọdún kan. Láti ọjọ́ náà títí dé ọjọ́ ogbó, ara ènìyàn kò tún ní dàgbà kíákíá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Fún oṣù 6 àkọ́kọ́, omi ọmú nìkan tó fún gbogbo iṣẹ́ ńlá yìí, ìdí sì nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń gba gbogbo ìyá níyànjú láti 2001 pé kí wọ́n má ṣe fi omi, àgbo tàbí ẹ̀kọ lú u láàárín àkókò náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmú ṣì wúlò púpọ̀, ó sì yẹ kí ọmọ máa mu ún títí di ọmọ ọdún méjì, ṣùgbọ́n ọmú kò lè dá ẹrù náà gbé mọ́, eyín ọmọ kò sì tíì le tó láti bá baba rẹ̀ jẹ iyán àti ẹran ìgbẹ́. Àárín ọmú àti àwo yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú. Cicely Williams, obìnrin oníṣègùn tí a bí ní Jàmáíkà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ ohun tí ó rí sínú ìwé àwọn oníṣègùn ní 1933: àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn wú, tí awọ ara wọn ń bó, tí ọmọ tí ń ṣeré tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń kanra, tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan òun. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ àgbàdo ni oúnjẹ wọn, àti pé àwọn tí oyún tàbí àbúrò ti gba ọmú lẹ́nu wọn ni àrùn náà ń mú, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí kwashiorkor. Ẹ kíyè sí i pé wíwú ni ó ń wú wọn, kì í ṣe rírù. Ará ilé tí kò bá mọ̀ lè máa yọ̀ pé ọmọ ń sanra, nígbà tí ikú ń kóra jọ sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ náà fínnífínní, àní ẹ̀kọ tí ó gba ọ̀nà ọ̀fun gbogbo ọmọ Oòduà kọjá. Àgbàdo kò níláárí ni? Rárá o. Àgbàdo tí ó wọ ilẹ̀ ní ìhòòhò, tí ó jáde pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn àti ọmọ lẹ́yìn, oore rẹ̀ lára wa kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń ṣe fún un kí ó tó dé ẹnu ọmọ. Ìyá á ṣa á, á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi rọ̀. Á fọ̀ ọ́, á gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta, á sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Omi funfun tí ó gba asẹ́ kọjá á tòrò, ògì á sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, á sì kan. Kíkan yẹn dára, nítorí ó ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn lẹ́kun. Àdánù ibẹ̀ ni pé apá ibi tí oore àgbàdo pọ̀ sí jù lọ, ojú ọkà tí ì bá hù bí a bá gbìn ín, ń bá èérí lọ, èérí á sì di oúnjẹ ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí a bá fẹ́ fún ọmọ, ògì díẹ̀ ni a ń pò sínú omi gbígbóná púpọ̀ kí ó lè ṣàn geere lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ikùn ọmọ oṣù mẹ́jọ kò gbà ju ife kékeré kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi omi ẹ̀kọ kún ife kékeré yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ọmọ yó, ṣùgbọ́n ọmọ kò jẹun.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ ipò tí ẹ̀kọ wà. Wọ́n ti to oúnjẹ wa ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Àgbàlagbà tí kò rí iyán tí kò rí ọkà, tí ó wá fàbọ̀ sórí ẹ̀kọ, kì í jẹ ẹ́ lásán: á fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ tì í, tàbí àkàrà gbígbóná, tàbí ẹ̀fọ́ rírò tí edé àti irú ti gbé adùn sí. Ọmọ ọwọ́ nìkan, ẹni tí ó kéré jù nínú agbo ilé tí àìní rẹ̀ sì pọ̀ jù, ni a ń bu ẹ̀kọ fún láìní olùrànlọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè orísun àìjẹunrekánú láàárín wa, ibẹ̀ yẹn ni n ó tọ́ka sí, n ó sì tọ́ka síbẹ̀ kan náà bí ó bá béèrè ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe sí àrùn tí ojú kò tètè rí? Ìyá tí ń rí ọmọ rẹ̀ láràárọ̀ kò lè mọ̀ pé kò dàgbà láti oṣù tí ó kọjá, nítorí ìyàtọ̀ àná sí òní kì í hàn lára ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú ibi tí gbogbo ayé ti kọ́ ọgbọ́n tí a fi ń tètè rí i kò jìnnà sí wa. Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ìlú olókè tí ó wà ní ẹnubodè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí ìbọn ogun Kírìjì ń dún gbàù-gbàù ní etí rẹ̀ kí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń bá ara wọn jà tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Ní àárín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí a ń gbé wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá àtúnṣe kí wọ́n tó dé, àti pé bí òun bá jókòó sí ilé ìwòsàn tí òun ń retí wọn, ìsìnkú ni òun yóò máa bá pàdé. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Nítorí náà ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa fi dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí a ń gbé ọmọ wá síbẹ̀ lóṣooṣù, yálà ara rẹ̀ yá tàbí kò yá, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ yóò gbé lọ ilé, tí yóò tọ́jú sínú ọ̀rá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ṣe é. A ó so òṣùwọ̀n kọ́ igi àjà tàbí ẹ̀ka igi tí ó lágbára. A ó bọ́ aṣọ ọmọ kúrò kí aṣọ má bàa purọ́ fún wa. A ó gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Ọmọ á figbe ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fì síwá sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi dúró. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì á wá oṣù tí ọmọ náà wà ní ìsàlẹ̀ káàdì, á wá ìwọ̀n rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, á kan àmì róbótó kan sí ibi tí méjèèjì ti pàdé, á sì fa ìlà láti àmì oṣù tí ó kọjá dé orí rẹ̀. Ìlà yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá ń gòkè, ara ń dàgbà, kí a kí ìyá kú iṣẹ́. Bí ó bá tẹ́jú bí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ohun kan ti ń di ọmọ lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín tí ó ń ṣeré. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ti wọlé, kí a má ṣe fi dọ̀la. Ọmọ tí ó wúwo tó kílò 7 ní oṣù kẹfà, tí ó ṣì jẹ́ kílò 7 ní oṣù kẹsàn-án, kò sí aládùúgbò tí yóò sọ pé ó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n káàdì ti ké gbàjarè. Ìyá tí kò mọ ááfábẹ́ẹ̀tì kan lè rí i pé ìlà ń gòkè tàbí pé kò gòkè, ìdí sì nìyí tí káàdì náà fi tàn láti Ìmẹ̀sí dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Éṣíà àti Látìnì Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí tí ó fi Ìmẹ̀sí wé ìlú kan tí ó wà nítòsí rẹ̀ tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí i pé àwọn ọmọdé tí ń kú ní Ìmẹ̀sí kéré sí ti ibẹ̀ gidigidi. Ibi tí kò bá sì sí òṣùwọ̀n, okùn ìwọ̀n kékeré wà tí a ń fi yí apá ọmọ ká láàárín èjìká àti ìgúnpá: ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 tí apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, kí a fún un ní ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀. Èyí tí kò bá tó 11.5, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kò bọ́ ọmọ. Ìlú púpọ̀ ni a ti ń wọn ọmọ lóṣooṣù, tí a ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, tí a sì ń ní kí ìyá máa lọ láìsọ gbólóhùn kan fún un nípa ohun tí yóò se lálẹ́ ọjọ́ náà. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ìwé ni ó kún, ọmọ kò sanra. Ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé òṣùwọ̀n ni ìkòkò, ẹ̀wà sì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọ inú ìkòkò náà. Nínú àgbàdo gbígbẹ, ohun tí ń mú ara dàgbà kò pọ̀ ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ, nínú ẹ̀wà ó súnmọ́ ìdá 24, nínú ẹ̀wà sóyà ó tó ìdá 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó tún wúni lórí ju iye lọ ni bí wọ́n ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ohun amáradàgbà yìí ní, ara kò sì lè fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì: èyí tí a ń pè ní lysine kò tó nínú àgbàdo, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà, èyí tí a ń pè ní methionine kò tó nínú ẹ̀wà, àgbàdo sì ní in. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bí a bá se méjèèjì pọ̀, ọ̀kan á mú ohun tí ó wà lórí pẹpẹ wá, èkejì á kó ohun tí ó wà nínú kèrègbè, ara ọmọ á sì rí gbogbo ohun tí ó ń wá.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí kan jókòó ti àwọn ìyá ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n sì fi ọgbọ́n yìí ṣe ẹ̀kọ kan tí wọ́n pè ní Ẹ̀kọ Ìlera: ògì, ẹ̀wà yíyan tí a lọ̀, epo pupa, ṣúgà, àti ìyẹ̀fun ọkà tí a mú hù. Ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀. Kí a ṣa ẹ̀wà, kí a rẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí a bó èèpo rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣe àkàrà, kí a sá a gbẹ, kí a yan án nínú agbada lórí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí òórùn rẹ̀ yóò sì máa ta sánsán, lẹ́yìn náà kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a sẹ́ ẹ, kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ike tí ó ní ìdérí dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú di yíyan náà, nítorí ẹ̀wà tí kò jinná ń da inú ọmọ rú. Bí a bá wọn ògì lọ́nà méjì tàbí mẹ́ta, kí a wọn ẹ̀wà lọ́nà kan. Kí a pò wọ́n pọ̀ nínú omi tútù, kí a gbé e kaná, kí a sì máa rò ó títí yóò fi hó dáadáa. Nígbà tí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí a fi ṣíbí epo pupa kan sí i, epo tí a kò yọ́ dúdú, nítorí yíyọ́ ń ba fítámì A tí ó wà nínú àwọ̀ pupa rẹ̀ jẹ́, òun sì ni ojú ọmọ fi ń ríran lóru tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà. Epo náà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú: ó ń fún ọmọ ní agbára púpọ̀ láìgba àyè nínú ikùn rẹ̀.

Ní ti ọkà tí a mú hù, ohun ìyanu kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ìyá fi ojú ara rẹ̀ rí. Àwọn tí ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe láti ayébáyé: a ó rẹ àgbàdo, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé ní ibi tútù títí yóò fi yọ ọ̀mùnú, a ó sá a gbẹ, a ó já ọ̀mùnú àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, a ó sì lọ̀ ọ́. Ẹ po ẹ̀kọ kí ó le, kí ó le débi pé ṣíbí dúró nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá bu ṣíbí kékeré kan nínú ìyẹ̀fun náà sí i, kí ẹ rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀kọ tí ó le yẹn á dẹ̀, á ṣàn, ọmọ oṣù méje á lè mu ún, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi ẹ̀kán omi kan kún un: gbogbo oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó le ni ó ṣì wà nínú rẹ̀. Kí a tún dá a padà sórí iná kí ó hó lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó dé ẹnu ọmọ.

Bí ọmọ bá sì ti ń dàgbà, kí àwo rẹ̀ máa gbòòrò. Ẹja gbígbẹ tàbí edé tí a fọ̀, tí a gbẹ, tí a sì lọ̀ kúnná, ṣíbí kékeré kan péré nínú ẹ̀kọ rẹ̀ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí kò wọ́n. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú tí a gé wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀lẹ̀lẹ̀, iṣu tí a fọ́ sínú ọbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n kò ṣòro fún èrìgì rẹ̀. Ẹyin ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ tí a bá fi ẹyin tàbí ẹran kọ́ lẹ́nu yóò di olè. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwà ọmọ ni wọ́n ń ṣọ́, nígbà tí ẹran ṣọ̀wọ́n nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìwà kò sí nínú ẹyin, ẹnu òbí ni ó wà, ọmọ tí a kọ́ nílé kò ní jalè nítorí pé ó jẹ ẹyin. Láti oṣù 6 dé oṣù 8, kí ọmọ jẹun ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Láti oṣù 9 títí di ọdún 2, kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ìpanu kékeré sì wà láàárín rẹ̀, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró. Kí ó ní àwo tirẹ̀, kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n tí yóò jẹ mẹ́wàá kí òun tó jẹ ọ̀kan. Kí a sì jáwọ́ nínú fífi ipá rọ ọmọ, tí a ń tẹ́ ẹ sórí itan, tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ sé e nímú kí ẹ̀kọ lè wọlé. Ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí a fi ṣíbí bọ́ ọ, pẹ̀lú sùúrù àti orin.

Àìsàn ni ọ̀tá kejì, nítorí ìgbẹ́ gbuuru ọ̀sẹ̀ kan lè kó èrè oṣù méjì lọ. Ọṣẹ àti omi kí ìyá tó fọwọ́ kan oúnjẹ, omi tí a sè, ẹ̀kọ tí a kò fi sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi ní àkókò rẹ̀: oúnjẹ aṣaralóore ni gbogbo wọn pẹ̀lú, bí wọn kò tilẹ̀ wọ inú ìkòkò. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì dé, kí a fún ọmọ ní omi iyọ̀ òun ṣúgà, kí a máa fún un lọ́mú lọ, kí a má ṣe ká oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìgbà tí ara bá ń bọ̀ sípò gan-an ni kí oúnjẹ rẹ̀ lékún.

Àwọn kan yóò ní gbogbo èyí rọrùn lẹ́nu ẹni tí ń fi gègé kọ ọ́. Òótọ́ ni. Ní Kwara pàápàá, àwọn ìyá tí ó gbọ́ nípa Ẹ̀kọ Ìlera pọ̀ ju àwọn tí ó dán an wò lọ, àwọn tí ó dán an wò sì pọ̀ ju àwọn tí ó sọ ọ́ di àṣà lọ, nítorí ẹ̀wà ń náni lówó, yíyan àti lílọ̀ ń gba àkókò, ìyá tí ó sì ti jí ní ìdájí kó igbá lọ sọ́jà kò ní ọwọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́ ìyá nìkan. Àwọn obìnrin mélòó ni ń ta ẹyin láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ ra gààrí fún ọmọ, nítorí pé owó ilé ìwé àti owó oògùn wà lọ́rùn wọn? Owó oúnjẹ ọmọ, ti baba ni pẹ̀lú. Baba tí ó mọ iye ẹ̀bù tí ó gbìn kí ó mọ iye kílò tí ọmọ rẹ̀ wọ̀n, kí ó sì béèrè káàdì rẹ̀ lóṣooṣù. Ìyá márùn-ún tí ó wà ní agbo ilé kan lè da ẹ̀wà pọ̀, kí wọ́n yan án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ìyá àgbà, tí gbogbo ìyàwó ilé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, ni ó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tí ìyá ọkọ bá takò kì í dé ìdí ààrò.

Iṣẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀, èyí tí ó ti ṣe sì ń fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Láti àwọn ọdún 1990 ni iyọ̀ wa ti ń ní áyódìnì tí ń lé gẹ̀gẹ̀ jìnnà tí ó sì ń ran ọpọlọ ọmọ lọ́wọ́ láti inú oyún. Ní 2002 ni Nàìjíríà pa á láṣẹ pé kí ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró máa ní fítámì A. Ní 2011 ni a fún àwọn àgbẹ̀ ní oríṣi pákí mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè tí fítámì A wà nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti ilé ìwádìí ti Umudike. Ẹ̀wà sóyà ti wà ní oko ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn láti 1908, ilé ìwádìí ìjọba ní Oṣòdì sì ti fi í ṣe ògì alágbára fún ọmọdé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kù kí irú ògì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà abúlé ní owó tí apá tálákà ká. Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ń fẹ́ àpò onípele mẹ́ta tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, èyí tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní Kamẹrúùnù, tí ń pa kòkòrò láìlo májèlé. Èyí ṣe pàtàkì nítorí oògùn apakòkòrò tí àwọn oníṣòwò kan ń dà sínú ẹ̀wà ti sọ oúnjẹ tí ì bá gba ọmọ là di ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ilé ìtọ́jú kékeré tí ó ní òṣùwọ̀n, káàdì àti nọ́ọ̀sì tí ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀ wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù, kí owó oṣù àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ má sì máa pẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kò ní láti dúró de ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì bá wà nínú agbo ilé yín, ẹ béèrè káàdì rẹ̀ lónìí. Bí kò bá ní, ẹ mú un lọ gba ọ̀kan. Bí ìlà rẹ̀ bá tẹ́jú, ẹ má bínú sí ìyá rẹ̀, ẹ ra kóńgò ẹ̀wà kan fún un, kí ẹ sì bá a yan án.